Ìdí Tí Asáré Kì í Fi í Sá Irú Eré Kan Náà Lójoojúmọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ènìyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún; bí kò bá lé nǹkan, a jẹ́ pé nǹkan ní ń lé e. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn asáré orí pápá mu ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ẹni tó bá dúró létí pápá ilé-ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́, tó rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń yí pápá po, lè rò pé eré ni gbogbo eré ń jẹ́, pé ẹni tó bá ti sá a pọ̀ jù lọ ni yóò mọ̀ ọ́n sá jù lọ. Ìtàn kò gbe irú èrò bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Eré tí ń mú kí ènìyàn lè pẹ́ lọ́nà yàtọ̀ sí eré tí ń mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá; èyí tí ń fún iṣan itan lágbára yàtọ̀ sí èyí tí ń kọ́ ọkàn bí yóò ti ṣe gba ìnira mọ́ra. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìdí tirẹ̀, ó sì ní ẹni tó kọ́kọ́ wá ìdí náà rí.

Ohun tí ìjíròrò yìí dá lé lórí ni bí àwọn onírúurú eré ìgbáradì wọ̀nyí ṣe dé ayé, láàárín nǹkan bí ọdún 1910 sí 1980. Ìtàn náà wáyé ní Fínlándì, Swídìn, Jámánì, Ṣẹkosilofákíà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Niu Sílándì, kí ó tó kan ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun kan ń padà wá bí ègbè orin: gbogbo ìgbà tí àwọn ènìyàn bá mú irú eré kan ṣoṣo tí wọ́n sì sọ pé òun ni gbogbo rẹ̀, ẹlòmíràn a dìde láti ibòmíràn, a sì fi èyí tí wọ́n pa tì borí wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

NURMI ÀTI AAGO ỌWỌ́ RẸ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìmúrasílẹ̀ ọ̀pọ̀ asáré kò ju ìrìn jíjìn àti eré wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ, pẹ̀lú ìwọ̀nba eré líle bí ọjọ́ ìdíje bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ará Fínlándì, orílẹ̀-èdè kékeré tí òtútù pọ̀ ní ìhà àríwá Yúróòpù, ni wọ́n kọ́kọ́ mú ayé lójú mọ́lẹ̀. Hannes Kolehmainen gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà mẹ́ta nínú Ìdíje Òlíḿpíìkì ti Stockholm ní 1912. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Paavo Nurmi dé, ẹni tí a bí ní ìlú Turku ní 1897. Nínú ìdíje ti 1920, 1924 àti 1928, wúrà 9 àti fàdákà 3 ni ó gbà. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1924, ní Párísì, ó borí nínú eré mítà 1,500, ó sì tún borí nínú ti mítà 5,000, àárín méjèèjì kò sì tó wákàtí méjì.

Ohun tó yà àwọn òǹwòran lẹ́nu jù ni aago tí Nurmi ń dì mọ́wọ́ bí ó bá ń sáré. Kì í wo ojú àwọn tí wọ́n jọ ń díje, aago rẹ̀ ni ó máa ń wò. Ó ti pín agbára rẹ̀ sí ìyípo pápá kọ̀ọ̀kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa òun kúrò lórí ìwọ̀n náà. Ẹ̀kọ́ tí Nurmi fi lélẹ̀ nìyẹn: eré ṣeé wọ̀n, ẹni tó bá sì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ kò ní ná gbogbo agbára rẹ̀ tán ní ìdajì ọ̀nà. Láti ìgbà náà ni eré àwọ̀nsá, èyí tí asáré fi ń kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti mọ ìyára kan pàtó, ti di ọ̀kan nínú ohun èlò olùkọ́ eré ìdárayá.

ÀWỌN ARÁ SWÍDÌN FI ÌYÁRA ṢERÉ

Swídìn ni alámùúlégbè Fínlándì, kò sì dùn mọ́ wọn nínú pé ará ilé kejì ni ó ń gba gbogbo ẹ̀bùn. Gösta Holmér, tí òun fúnra rẹ̀ ti díje ní Stockholm ní 1912, ni ó ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀ràn náà nígbà tó di olùkọ́ àwọn asáré. Ní àwọn ọdún 1930, ó gbé irú eré kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní fartlek. Ní èdè wọn, fart ni ìyára, lek sì ni eré ṣíṣe. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni fífi ìyára ṣeré.

Bí orúkọ rẹ̀ ti rí ni òun náà rí. Asáré kò dúró lórí pápá, kò sì mú aago lọ́wọ́. Inú igbó ni ó ń gbà lọ, lórí ilẹ̀ rírọ̀. Yóò kọ́kọ́ sá eré wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ara rẹ̀ lè gbóná. Lẹ́yìn náà yóò mú ẹsẹ̀ yá títí dé ibi igi kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, yóò rin ìrìn kánmọ́kánmọ́ díẹ̀, yóò tún gbé ìyára lé e. Bí ó bá kan òkè, yóò fi gbogbo agbára gùn ún. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, yóò dẹwọ́. Ara rẹ̀ ni yóò máa sọ fún un ìgbà tí yóò yára àti ìgbà tí yóò rọra.

Ìdí tí Holmér fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé ó fẹ́ kí agbára ìfaradà àti ìyára gbé nínú eré kan ṣoṣo, kí ó má sì sú ọ̀dọ́ tó ń ṣe é. Ó tún ń kọ́ asáré láti yí ìyára padà lójijì, nítorí pé ní ọjọ́ ìdíje, ẹni tí a jọ ń sá kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹni kí ó tó fò síwájú.

Èso rẹ̀ hàn láìpẹ́. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń jà, tí Swídìn kò sì lọ́wọ́ sí i, àwọn asáré méjì níbẹ̀, Gunder Hägg àti Arne Andersson, ń gba ipò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lọ́dọọdún. Ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 6.4 ni àkọsílẹ̀ àgbáyé fún eré máìlì kan kí àwọn méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di 1945, Hägg ti gbé e dé ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 1.4. Hägg yìí kan náà ni ẹni àkọ́kọ́ tó sá mítà 5,000 láàárín àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú 14, ní 1942. Vålådalen, lórí òkè àti nínú igbó ìhà àríwá Swídìn, ni ó ti máa ń múra, lọ́dọ̀ Gösta Olander.

Síbẹ̀, fartlek ní àléébù tirẹ̀. Ẹni tó bá ní ìkóra-ẹni-níjàánu ni ó ń ṣe láǹfààní. Ọ̀lẹ lè sọ ọ́ di eré lásán, kí ó máa rìn níbi tó yẹ kó ti sá, kò sì sí aago tí yóò jẹ́rìí lòdì sí i.

ÀWỌN ARÁ JÁMÁNÌ KA ÌLÙ ỌKÀN

Ní àkókò kan náà tí Holmér ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sínú igbó, ọkùnrin méjì ní Jámánì ń gba ọ̀nà mìíràn. Woldemar Gerschler jẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá. Herbert Reindell jẹ́ oníṣègùn ọkàn. Àwọn méjèèjì fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà asáré gan-an. Láti inú àjọṣe wọn ni eré àsásinmi ti gba ìlànà tó dájú: kí asáré sá eré kúkúrú, kí ó sinmi díẹ̀, kí ó tún sá.

Ìlànà wọn rọrùn láti lóye. Asáré yóò sá mítà 100, 150 tàbí 200 títí ọkàn rẹ̀ yóò fi máa lù tó ìgbà 180 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà náà ni yóò dẹwọ́ títí ìlù ọkàn náà yóò fi rọlẹ̀ dé 120. Bí ìyẹn bá gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 90 lọ, àmì ni pé eré náà ti le jù tàbí ó ti gùn jù, kí wọ́n dín in kù. Àwọn méjèèjì gbà pé àkókò ìsinmi gan-an ni ọkàn ń fẹ̀ sí i tó sì ń lágbára sí i. Ìdí nìyí tí orúkọ tí eré náà ń jẹ́ kárí ayé títí di òní fi jẹ́ ti àárín eré méjì, tí kì í ṣe ti eré náà fúnra rẹ̀. Ìwádìí tó dé lẹ́yìn náà kò gba gbogbo àlàyé wọn bí wọ́n ti ṣe é, nítorí pé eré náà pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kíka ìlù ọkàn kí a tó sọ pé kí asáré tún lọ kò tíì kú.

Rudolf Harbig, ọmọ ìlú Dresden, ni ó fi ìlànà yìí han ayé. Ní Milan, ní oṣù keje ọdún 1939, ó sá mítà 800 ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 46.6. Ẹni tó ni àkọsílẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ lo ìṣẹ́jú àáyá 48.4 lé ní ìṣẹ́jú kan. Nínú eré tí wọ́n sábà máa ń fi ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan borí ara wọn, Harbig gé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò pẹ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú Harbig lọ sójú ogun, ó sì kú síbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1944, ní ẹni ọgbọ̀n ọdún. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ dúró fún ọdún 16 kí Roger Moens ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tó fọ́ ọ ní 1955.

ZÁTOPEK ÀTI ÀWỌN TÓ TẸ̀ LÉ E

Ẹni tó gbé eré àsásinmi dé òpin rẹ̀ ni Emil Zátopek, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bàtà ní ìlú Zlín ní Ṣẹkosilofákíà, tó di ọmọ ogun lẹ́yìn náà. Èrò ọkàn rẹ̀ ni pé òun ti mọ bí a ti ń sáré wọ́ọ́rọ́wọ́, ohun tó kù fún òun láti kọ́ ni bí a ti ń yára. Nítorí náà, ó ń sá mítà 400 lẹ́ẹ̀kan, yóò fi eré jẹ́jẹ́ sinmi fún mítà 200, yóò tún sá òmíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ogún irú rẹ̀ ni ó ń sá lọ́jọ́ kan. Nígbà tó yá, ó di ogójì, ó di ọgọ́ta. Nígbà mìíràn bàtà ológun ni ó fi ń sá a nínú igbó, kí ti ọjọ́ ìdíje lè fúyẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ní Helsinki ní 1952, Zátopek ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ṣáájú, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì ṣe láti ìgbà náà. Ó gba wúrà nínú eré mítà 10,000, ó gbà á nínú ti mítà 5,000, ó sì tún gbà á nínú eré máratọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni kò sá máratọ́ọ̀nù rí láyé rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Ayé yí sí ọ̀nà Zátopek. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀ ka iye eré tó ń sá, wọn kò ka ọdún tó ti fi ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n mọ ogójì, wọ́n mọ ọgọ́ta, wọn kò mọ ìdí. Ẹni tí iṣan rẹ̀ kò ì gbó, tí ọkàn rẹ̀ kò sì tíì mọ́ iṣẹ́ lára, tó bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí lójoojúmọ́, iṣan á fà, eegun ẹsẹ̀ á sán, orun á dà nù lójú rẹ̀, ìyára tó ń wá á sì máa sá fún un. Ohun tó gbé ọ̀kan ga lè gbé ẹlòmíràn ṣubú. Láti inú ìṣòro yìí ni ìbéèrè tuntun ti jáde: mélòó ni ó tó?

ÌSINMI ỌJỌ́ MẸ́TA

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe alábàápàdé ìdáhùn kan. Roger Bannister kò ní àkókò bíi ti Zátopek. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni ó fi ń múra. Ìgbìyànjú rẹ̀ ni láti sá máìlì kan láàárín àkókò tí kò pé ìṣẹ́jú 4, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé kò ṣeé ṣe. Ìyípo pápá mẹ́rin ni máìlì kan, nítorí náà ìyípo kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dín ní ìṣẹ́jú kan. Láti oṣù kejìlá ọdún 1953, Bannister àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ Chris Brasher àti Chris Chataway ń sá ìyípo kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọ́n sì ń sinmi fún ìṣẹ́jú méjì láàárín. Ìṣẹ́jú àáyá 66 ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n dé 61 nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 1954.

Ibẹ̀ ni wọ́n há sí. Bí wọ́n ti ń sapá tó, kò kúrò ní 61. Bannister àti Brasher bá pa eré sísá tì pátápátá, wọ́n lọ gun òkè ní Sikọ́tílándì fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n padà dé orí pápá, wọ́n sá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní ìṣẹ́jú àáyá 59 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1954, ní ìlú Oxford, Bannister sá máìlì kan ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 59.4.

Ìtàn yìí ṣe pàtàkì fún olùkọ́ ju àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Eré líle kì í fún ara ní agbára ní ojú ẹsẹ̀. Ńṣe ni ó ń ba ohun kan jẹ́ díẹ̀ nínú iṣan, àtúnṣe rẹ̀ ní àkókò ìsinmi ni ó ń mú agbára wá. Ẹni tí kò bá fún ara láyè láti tún ohun tó bàjẹ́ ṣe kò ní rí èrè iṣẹ́ rẹ̀.

ARÁNBÀTÀ ÌLÚ AUCKLAND

Nígbà tí gbogbo Yúróòpù ń ka ìyípo pápá, aránbàtà kan wà ní ìlú Auckland ní Niu Sílándì tó ń fi ara rẹ̀ dán nǹkan wò lójú títì. Arthur Lydiard, tí a bí ní 1917, kò kàwé nípa ìṣègùn. Ó rí i pé ara òun kò le tó bí òun ti rò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá ọ̀nà jíjìn láti mọ ibi tí agbára ènìyàn mọ. Ó sá kékeré, ó sá púpọ̀, ó sá àsápajúdé. Níkẹyìn, ó fi ẹnu tì í sí nǹkan bí máìlì 100 lọ́sẹ̀ kan, ìyẹn kìlómítà 160, ó sì fi ìlànà náà gba ipò kìíní nínú eré máratọ́ọ̀nù orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 1953 àti 1955.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Kò sí èyí tí kò sá ọ̀nà jíjìn nínú wọn, ìbáà ṣe ẹni tí eré tirẹ̀ kò ju ìyípo pápá méjì lọ. Ní ọjọ́ ìsinmi, gbogbo wọn a sá ọ̀nà Waiatarua, tó jẹ́ máìlì 22 lórí òkè Waitakere. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi Lydiard ṣe yẹ̀yẹ́: kí ni ẹni tó fẹ́ sá mítà 800 ń wá lórí òkè tó jìn tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn dé ní Róòmù, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1960. Peter Snell, ọmọ ẹ̀yìn Lydiard tí ayé kò mọ̀, bọ́ sórí pápá nínú eré mítà 800. Moens, ẹni tó fọ́ àkọsílẹ̀ Harbig, wà níbẹ̀, òun ni wọ́n sì ń retí pé yóò borí. Ní mítà tó kẹ́yìn, Snell yọ sí i, ó sì gba wúrà. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà, Murray Halberg, ọmọ ẹ̀yìn Lydiard kan náà, tí apá rẹ̀ òsì ti rọ látàrí ìpalára nínú bọ́ọ̀lù rọ́gíbì, gba wúrà nínú eré mítà 5,000. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, Barry Magee, ẹni kẹta wọn, gba idẹ nínú máratọ́ọ̀nù. Ará àdúgbò kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn nìkan ni àṣírí Lydiard, bí àwọn kan ti rò. Ètò ni. Ó pín ọdún asáré sí ìpele bí àgbẹ̀ ti ń pín tirẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́, tí ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, jẹ́ ti eré ọ̀nà jíjìn, ní ìwọ̀n tí ènìyàn lè fi máa bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìmí gúlegúle. Lẹ́yìn èyí ni eré orí òkè, níbi tí asáré ti ń fò sókè bí ó ti ń gun òkè, kí itan àti kókósẹ̀ rẹ̀ lè le. Lẹ́yìn náà ni eré àsásinmi orí pápá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré. Lẹ́yìn rẹ̀ ni eré kúkúrú tí ń mú ẹsẹ̀ mú bí ọ̀bẹ; nígbà tí ìdíje bá sì kù sí dẹ̀dẹ̀, ìsinmi. Lydiard kò kọ ti àwọn ará Jámánì sílẹ̀. Ó kàn sọ pé ẹni tí kò fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé.

Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Bill Bowerman, olùkọ́ eré ìje ní yunifásítì Oregon ní Amẹ́ríkà, ti rí i ní àwọn ọdún 1960 pé eré wọ́ọ́rọ́wọ́ dára fún àgbàlagbà àti aláìsí-nínú-ìdíje pẹ̀lú, tó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Bowerman yìí ni ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ọjọ́ eré líle kan gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ eré ìrọ̀rùn lẹ́yìn rẹ̀.

ILẸ̀ ÁFÍRÍKÀ GBA ÀPÈRÈ

Nínú máratọ́ọ̀nù Róòmù tí Magee ti gba idẹ, ẹni tó gba wúrà ni Abebe Bikila, ọmọ ogun ẹ̀ṣọ́ ọba ní Etiópíà. Láìwọ bàtà ni ó fi sá a ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 16.2, èyí tí ẹnikẹ́ni kò sá rí. Ẹni tó kọ́ Bikila ni Onni Niskanen, ará Swídìn tí wọ́n bí sí Fínlándì. Ìmọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ Nurmi dé ọ̀dọ̀ Holmér ti kọjá òkun, ó ti pàdé orí òkè Etiópíà àti ọkùnrin tí kò bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn. Ní Tókíò ní 1964, Bikila tún borí. Kẹ́ńyà náà tẹ̀ lé e láìpẹ́: ní Mẹ́síkò ní 1968, Kipchoge Keino gba wúrà nínú eré mítà 1,500.

Ní Nàìjíríà, eré kúkúrú àti eré mítà 400 ni òkìkí ti kàn jù. Falilat Ogunkoya gba idẹ nínú eré mítà 400 àwọn obìnrin ní Atlanta ní 1996, ní ìṣẹ́jú àáyá 49.10. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí Sunday Bada wà lára wọn ni wọ́n sì wá gba wúrà eré ìfigigbéra ti Sydney 2000, nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà nítorí oògùn olóró. Irú eré yìí ní ìgbáradì tirẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi gbogbo ìyára rẹ̀ sá mítà 400 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nítorí náà, eré àsátúnsá ni ó yẹ ẹ́: eré bíi mítà 150 tàbí 300 ní ìyára tó súnmọ́ ti ìdíje, lẹ́ẹ̀mélòó kan péré, pẹ̀lú ìsinmi gígùn láàárín. Ìsinmi gígùn yìí ni ó mú un yàtọ̀ sí eré àsásinmi. Ìdí ni pé ìyára gan-an ni a ń kọ́, ẹni tó bá sì ti rẹ̀ kò lè kọ́ ìyára.

OHUN TÍ SÁYẸ́ǸSÌ FI KÚN UN

Àwọn olùkọ́ wọ̀nyí fi ojú rí i kí àwọn onímọ̀ tó fi ẹ̀rọ rí i. Ní 1967, John Holloszy ní Amẹ́ríkà mú kí àwọn eku máa sáré lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì rí i pé àwọn nǹkan kéékèèké inú iṣan tí ń fi afẹ́fẹ́ sọ oúnjẹ di agbára ti pọ̀ sí i gidigidi. Èyí ṣàlàyé Waiatarua: eré ọ̀nà jíjìn ń mú kí iṣan lè lo afẹ́fẹ́ dáadáa, ó sì ń mú kí ọkàn tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde ní ìlù kan.

Ní àwọn ọdún 1970, ìwádìí lórí èròjà tí ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí eré bá le mú kí eré mìíràn gbajúmọ̀, tí a lè pè ní eré agbedeméjì. Kò rọrùn bí ti ọ̀nà jíjìn, kò sì le bí ti àsásinmi. Ìyára tí asáré tó ti múra lè gbé fún nǹkan bí wákàtí kan ni, ṣùgbọ́n nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni a ń sá a nínú ìgbáradì. Ìdí rẹ̀ ni láti gbé ààlà náà síwájú, kí ìyára tó ń dá ènìyàn lágara lónìí lè di èyí tí yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn ní oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ̀KỌ́ TÓ WÀ NÍBẸ̀ FÚN OLÙKỌ́

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, a ó rí i pé ìjà àárín àwọn olùkọ́ wọ̀nyí kì í ṣe ìjà òtítọ́ àti irọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Eré ọ̀nà jíjìn ń fi ìpìlẹ̀ ìfaradà lélẹ̀. Eré orí òkè ń fún ẹsẹ̀ lágbára. Fartlek ń kọ́ni láti yí ìyára padà, ó sì ń lé agara lọ. Eré agbedeméjì ń gbé ààlà ìnira síwájú. Eré àsásinmi ń mú ọkàn gbóná fún iṣẹ́ líle, eré àsátúnsá sì ń kọ́ ẹsẹ̀ ní ìyára. Ìsinmi ni ó ń so gbogbo wọn pọ̀.

Ewu tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ni pé ìwọ̀n rọrùn láti gbọ́ ju ìdí lọ. Olùkọ́ tó gbọ́ pé Zátopek sá mítà 400 lọ́nà ọgọ́ta, tàbí pé Snell sá máìlì 100 lọ́sẹ̀, tó sì gbé e lé ọmọ ọdún mẹ́tàlá lórí, kò kọ́ ẹ̀kọ́ kankan lára àwọn méjèèjì. Ara ọmọ náà ṣì ń dàgbà. Eegun rẹ̀ kò tíì gbó. Ìdá díẹ̀ nínú iṣẹ́ àgbà ni ó tó o, kí ó sì jẹ́ oríṣiríṣi, kí eré náà má bàa sú u kí ó tó mọ ohun tí ó lè ṣe. Bákan náà, fífi eré yíyí pápá jẹ ọmọ níyà ń sọ ohun tó yẹ kó jẹ́ ayọ̀ di ohun ìríra lójú rẹ̀.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tó fọn fèrè, ó yẹ kí ó lè dáhùn bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè pé: kí ni eré tòní wà fún? Bí ìdáhùn bá wà, ìwọ̀n yóò tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí, ó sàn kí wọ́n sinmi ní ọjọ́ náà, nítorí ìsinmi ní ìdí tirẹ̀.